"Ta Ló Wà Níbẹ̀?" "Èmi Nìkan Ni, Mà"

Mo ti ṣèlérí pé ẹ̀kọ́ oríkì la ó parí lọ́sẹ̀ yìí, mi ò gbàgbé. Ṣùgbọ́n ọmọ mi obìnrin bi mí ní ìbéèrè kan nínú mọ́tò, ìbéèrè náà ò sì jẹ́ kí n sùn dáadáa. Ẹ jẹ́ kí oríkì dúró dè wá díẹ̀.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Lọ́jọ́ Sátidé, à ń bọ̀ láti Bissonnet, níbi tí a ti lọ ra iṣu àti ẹ̀lùbọ́. (Ẹ̀yin ará Houston, ẹ ṣáà mọ ibẹ̀.) Bàbá àwọn ọmọ ló ń wa mọ́tò. Màmá mi pè láti Ìbàdàn. Màmá Ìbàdàn làwọn ọmọ ń pè wọ́n. Wọ́n kí gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n béèrè ilé-ìwé, wọ́n béèrè bóyá a ti jẹun, lẹ́yìn náà ni wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ti mọ́ wọn lára. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tó wúwo, wọ́n á kọ́kọ́ bi mí pé, "Ta ló wà níbẹ̀?" Èmi á yọ fóònù kúrò lórí spíkà, màá fi sétí, màá dáhùn pé, "Èmi nìkan ni, mà." Ìgbà yẹn ni wọn yóò tó sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò kan tí wọ́n ṣe nílé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà. Wọn ò tíì sọ fún àwọn àbúrò mi pàápàá. Mi ò ní sọ ọ́ níbí náà, tiwọn ni.

Bí mo ṣe pa fóònù ni mo gbọ́ ohùn láti ẹ̀yìn: "Mọ́mì, ẹ parọ́ fún Màmá Ìbàdàn." Ọmọ ọdún 12 ni. Mo ní irọ́ wo ni mo pa? Ó ní tíṣà àwọn ti kọ́ àwọn nípa Edward Snowden, pé ìjọba Amẹ́ríkà lè máa gbọ́ ìpè tó ń lọ sí òkè òkun. "Ẹ ní ẹ̀yin nìkan ni. Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Bàbá wọn bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kí ni ìjọba fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìyá arúgbó ṣe? A ò jalè, a ò pànìyàn. Àwa ò ní nǹkan tí à ń fi pa mọ́."

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló máa sọ ohun tí ọkọ mi sọ. Mo ti gbọ́ ọ nílé ìjọsìn, mo ti gbọ́ ọ níbi ìkómọ, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn dókítà àti lọ́yà tó yẹ kí wọ́n mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ò gbà. Mo sọ fún un nínú mọ́tò, mo sì ń sọ fún yín.

Àwọn àgbà ní gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kíyè sí "sá" tó wà nínú òwe yìí. Kì í ṣe "sá" ti ẹni tí ajá ń lé. Kí a tẹ́ aṣọ síta kí oòrùn lè gbẹ ẹ́ ni. Aṣọ tí a ò sá síta kì í ṣe aṣọ tí a jí. Ó lè mọ́ ju gbogbo èyí tó wà lórí okùn lọ. Ojú gbogbo ayé ni kò yẹ kó rí i. Ẹ tún gbọ́ àdúrà wa. Níbi ìkómọ, níbi ìyàwó, níbi ìṣílé, a kì í tú ká láìsọ pé Ọlọ́run á bo àṣírí wa, kí gbogbo wa sì dáhùn ṣe "Àmín!" tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé. Báwo ni ẹni tó ń gba irú àdúrà yìí láràárọ̀ ṣe máa jáde síta kó ní òun ò ní nǹkan tí òun ń fi pa mọ́?

Ohun mìíràn sì wà níbẹ̀ tí ọkọ mi ò rò. Àyẹ̀wò yẹn, ti Màmá ni. Òun kọ́ ló ni ín, èmi náà kọ́. Nígbà tí a bá ní "ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbọ́, kò kàn mí," ohun olóhun là ń fi tọrẹ.

Ó sì yà mí lẹ́nu pé àwa gan-an la ń sọ bẹ́ẹ̀. Ìbàdàn ni mo dàgbà sí, nígbà ìjọba Abacha, láàárín 1993 sí 1998. Fóònù NITEL kan ló wà nílé wa, lórí tábìlì nítòsí ilẹ̀kùn. Bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi bá pè láti London tó béèrè bí ìlú ṣe rí, bàbá mi kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n á kàn ní, "Òjò ò tíì dá níbí o." Àwa ọmọ á wo ojú ọ̀run, oòrùn á mú ganrínganrín! Nígbà tí Radio Kudirat bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní 1996, ilẹ̀kùn títì la fi ń gbọ́ ọ, ohùn rẹ̀ á sì wà nílẹ̀ pátápátá. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó wá sí Houston lọ́dún wọ̀nyẹn mọ ohun tó ń ṣe ènìyàn tí kò bá lè sọ̀rọ̀ lórí fóònù tirẹ̀. Kí ló wá pa á rẹ́ lọ́kàn wa?

Amẹ́ríkà kì í ṣe ìjọba Abacha, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ilé-ẹjọ́ wà, ìwé ìròyìn wà, èèyàn lè pe ìjọba lẹ́jọ́ kó sì borí. Nítorí ìwọ̀nyí la ṣe mọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín báyìí.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2013, Edward Snowden, ọmọ ọdún 29 tó ń bá ilé-iṣẹ́ kan ṣiṣẹ́ fún NSA, kó ìwé àṣírí fún àwọn oníròyìn. NSA ni àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń tẹ́tí sí ohun tó ń kọjá lórí fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ayé. Ìwé àkọ́kọ́ tí The Guardian gbé jáde jẹ́ àṣẹ láti ilé-ẹjọ́ kan tó ń jókòó ní ìkọ̀kọ̀. Ó pàṣẹ fún ẹ̀ka kan nínú ilé-iṣẹ́ Verizon pé lójoojúmọ́, fún bíi oṣù mẹ́ta, kí wọ́n máa kó àkọsílẹ̀ gbogbo ìpè fún NSA. Ìwé náà sọ ọ́ gbangba pé ìpè tó wà láàárín Amẹ́ríkà àti òkè òkun wà lára rẹ̀. Kì í ṣe ohun tí wọ́n sọ lórí fóònù. Nọ́ńbà tó pè, nọ́ńbà tí wọ́n pè, ìgbà tí ìpè náà bẹ̀rẹ̀, àti bó ṣe pẹ́ tó.

Ọmọ mi ní, "Tí wọn ò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, kí ló burú?" Ó dáa. Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ mọ amẹ́bọ? Amẹ́bọ ni ẹni tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń ṣọ́ ilé oníléé. Ẹ jẹ́ ká ní amẹ́bọ kan rí i pé ilé ìwòsàn pè mí láago mẹ́jọ àárọ̀. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, a sì sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Mo pe pásítọ̀. Mo pe iléeṣẹ́ adójútòfò. Amẹ́bọ yìí ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ṣé ó ṣì kù ohun tí kò mọ̀?

Ní oṣù kẹta ọdún yẹn kan náà, Sẹ́nétọ̀ Ron Wyden ti bi James Clapper, tó jẹ́ olórí gbogbo àwọn àjọ aṣọ́ni nígbà náà, bóyá NSA ń kó ìsọfúnni nípa ọ̀kẹ́ àìmọye ará Amẹ́ríkà. Ó ní rárá. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ìwé Verizon fi jáde. Clapper fúnra rẹ̀ padà kọ̀wé sí àwọn aṣòfin pé ìdáhùn òun ò tọ̀nà. Ọ̀gá ńlá ni o. Ká ní ọmọ mi ló dá mi lóhùn báyẹn, mo mọ ohun tí màá ṣe.

Ariwo ta. Ó sì ṣiṣẹ́, èyí ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa, torí àwọn kan máa ń ní kò sí ohun tí mẹ̀kúnnù lè ṣe sí i. Kì í ṣe ariwo yẹn ló fa ti Texas wa níbí, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà 2013 yẹn náà ló di ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tó fi òfin sọ pé ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́ kí wọ́n tó ka ímeèlì ẹnikẹ́ni. Ní oṣù karùn-ún 2015, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kan ní New York ní òfin tí ìjọba ń tọ́ka sí ò fún wọn láyè láti kó àkọsílẹ̀ ìpè gbogbo ènìyàn báyẹn. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ilé aṣòfin ṣe òfin tó ní kí NSA dẹ́kun rẹ̀.

Ọdún 2015 yẹn náà ni ohun tó kàn wá jù jáde, ariwo rẹ̀ ò sì tó ìdajì ti Snowden. Ìwé ìròyìn USA Today gbé e jáde pé láti 1992 ni àjọ DEA, àwọn tó ń gbógun ti oògùn olóró, ti ń kó àkọsílẹ̀ ìpè tó ń ti Amẹ́ríkà lọ sí orílẹ̀-èdè tó tó 116, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìpè pátá. Àwọn orílẹ̀-èdè kan ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wà lára wọn. Ọdún 2013 ni wọ́n tó dá a dúró. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọdún bíi 20, láti ìgbà ìjọba Bush àgbà, ẹni tí pápá ọkọ̀ òfurufú wa ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ rántí káàdì ìpè? Èyí tí a máa ń ra ní márùn-ún dọ́là, tí a máa fi owó ẹyọ họ ẹ̀yìn rẹ̀, tí obìnrin inú fóònù á ní a ní ìṣẹ́jú 40, tí yóò sì já ní ìṣẹ́jú 25? A rò pé olè tó wà nínú káàdì yẹn nìkan ni ìṣòro wa.

Báyìí, ọ̀rọ̀ Màmá Ìbàdàn gan-an. Òfin kan wà tí wọ́n ṣe ní 2008, Abala 702 ni wọ́n ń pè é. Òfin yìí gba ìjọba láyè láti ka ímeèlì kí wọ́n sì gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, tí kò sì sí ní Amẹ́ríkà, láìjẹ́ pé adájọ́ wo orúkọ onítọ̀hún kó fọwọ́ sí i. Adájọ́ kàn máa ń fọwọ́ sí ìlànà gbogbogbòò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni. Ní 2013, àwọn tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ jẹ́ 89,138, gẹ́gẹ́ bí ìròyìn tí ìjọba fúnra wọn gbé jáde. Ní 2023, wọ́n ti di 268,590.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò sọ pé ẹnì kan jókòó tó ń gbọ́ bí màmá mi ṣe ń ṣàlàyé ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Òfin náà ní wọ́n gbọ́dọ̀ retí pé ẹni náà ní ọ̀rọ̀ tó kan ètò ilẹ̀ òkèèrè, mi ò sì rò pé màmá mi wà lára wọn. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí wọ́n bá fẹ́ fi wọ́n kún un, kò sí adájọ́ tí wọn yóò gbé orúkọ wọn lọ bá. Bí wọ́n bá sì ń gbọ́ ẹnì kan ní Ìbàdàn tó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Houston, ọ̀rọ̀ ọmọ náà ti wọnú àpò nìyẹn. FBI sì lè fi orúkọ ọmọ náà wá a nínú àpò ọ̀hún láìgba ìwé àṣẹ.

Ní oṣù kẹrin 2024, àwọn aṣojú-ṣòfin dìbò lórí àtúnṣe kan tí ì bá ní kí wọ́n gba ìwé àṣẹ kí wọ́n tó wá ọ̀rọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà nínú àpò yẹn. Àwọn 212 ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn 212 ní rárá. Ọ̀mì! Bí ìbò bá sì ti ṣe ọ̀mì, àtúnṣe ti ṣubú nìyẹn. Wọ́n sọ òfin náà dọ̀tun fún ọdún méjì, kò sì sí àtúnṣe yẹn nínú rẹ̀.

Ìbò kan ṣoṣo ló kù. Àwa Yorùbá Houston, tí a máa ń kún gbọ̀ngàn dé ẹnu ọ̀nà nítorí òkú àgbà, tí a lè rán aṣọ ẹbí fún 300 ènìyàn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, mélòó nínú wa ló pe ọ́fíìsì aṣojú-ṣòfin rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn? Èmi náà ò pè. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń dìbò.

Ohun kan tún wà tó ń dùn mí nínú àríyànjiyàn yìí. Àwọn tó ń jà fún wa pàápàá, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí ìjọba má ṣọ́ ọmọ Amẹ́ríkà. Ó dáa, ọmọ mi ti bọ́ síbẹ̀, Houston ni wọ́n bí i sí. Màmá mi ńkọ́? Ṣé ẹni tí kò bá ní ìwé ìrìnnà aláwọ̀ búlúù ò ní àṣírí ni? Fóònù kan náà ni, ọ̀rọ̀ kan náà ni; òfin wá gé e sí méjì, ó ní apá kan jẹ́ ti ènìyàn, apá kejì jẹ́ ti àjèjì. Ta ló máa bá wọn sọ ọ́ bí kì í bá ṣe àwa tí ìyá wa wà ní apá kejì? Òfin yìí kì í ṣe títí ayé. Ó ti padà síwájú ilé aṣòfin ní 2012, ní 2018, ní 2024. Gbogbo ìgbà tó bá padà wá ni wọ́n ń ka ìpè àwọn olùdìbò. Ẹ̀yin tó ti di ọmọ Amẹ́ríkà, iṣẹ́ yín nìyẹn.

Kí n má bàa dà bí ẹni tó ń bú ilé onílé, apá Nàìjíríà náà ní etí. Ní oṣù kẹrin 2013, kí Snowden tó sọ̀rọ̀, Premium Times gbé e jáde pé ìjọba Nàìjíríà ti fún ilé-iṣẹ́ Elbit ti Ísírẹ́lì ní iṣẹ́ 40 mílíọ̀nù dọ́là láti máa ṣọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ìparí 2020 ni wọ́n ti ní kí gbogbo ènìyàn so nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN mọ́ síìmù. Màmá mi tò lórí ìlà lẹ́ẹ̀mejì nítorí rẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2021, ìjọba ti Twitter pa títí di oṣù kìíní 2022. Okùn yìí ní orí méjì, ẹnì kan sì lè wà lórí méjèèjì.

Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní kò sí wàhálà, Yorùbá là ń sọ, wọn ò ní gbọ́. Ó dùn mọ́ mi nínú pé ó rí i bẹ́ẹ̀! Ṣùgbọ́n láti oṣù kejìlá 2013 ni Google ti ń túmọ̀ Yorùbá. Ó ń ṣì í sọ dáadáa, a máa ń fi rẹ́rìn-ín nílé, àmọ́ èdè wa nìkan ò tó láti bo ọ̀rọ̀ wa mọ́.

Àwọn baba wa ti ronú sí i tipẹ́. Àrokò ni wọ́n ń lò. Ẹ ó fi owó ẹyọ, ìyẹ́, tàbí ohun mìíràn dì, ẹ ó fi rán ìránṣẹ́ tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Owó ẹyọ méjì tó kojú síra: mo fẹ́ ká rí ara wa. Bí wọ́n bá kọ̀yìn síra, ìjà dé. Owó ẹyọ mẹ́fà: ẹ̀fà, ọkàn mi fà sí ọ. Mẹ́jọ: ẹ̀jọ, ọ̀rọ̀ wa jọ. WhatsApp ti ń ṣe bí àrokò láti 2016: ó ti ọ̀rọ̀ mọ́ àpótí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ẹni tó gbà á nìkan. Ìyẹn dára, ẹ máa lò ó ju ìpè lásán lọ. Àmọ́ ẹni tó jókòó sí oríta kò lè tú àrokò, síbẹ̀ ó rí ìránṣẹ́ tó ń lọ. Ó mọ ilé tó ti jáde, ó mọ ilé tó wọ̀, ó mọ iye ìgbà tó lọ lọ́sẹ̀ yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti WhatsApp.

Àwa òbí náà ò mọ́wọ́ kúrò. Ta ló ń gbé fọ́tò ìkómọ sórí Facebook pẹ̀lú orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ọjọ́ ìbí? Ní 2024, Meta gbà láti san bílíọ̀nù kan àti mílíọ̀nù 400 dọ́là fún Texas lórí ẹ̀sùn pé wọ́n ń fi fọ́tò orí Facebook ya àwòrán ojú àwọn ará ìpínlẹ̀ yìí sọ́dọ̀ láìgba àyè. Fọ́tò àríyá wa wà níbẹ̀. Lọ́dún tó kọjá ni ọmọ mi ti ní kí n máa bi òun kí n tó gbé fọ́tò òun síta. Mo bínú díẹ̀, mo ní èmi ni mo bí ọ. Mo ti ń bi í báyìí.

Lọ́jọ́ Àìkú mo pe Màmá padà. Mo sọ fún wọn pé tí wọ́n bá ń bi mí pé ta ló wà níbẹ̀, mi ò ní lè máa dáhùn bí mo ṣe ń dáhùn tẹ́lẹ̀. Mo ṣàlàyé díẹ̀díẹ̀. Wọ́n dákẹ́, wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n wá ní, "Ṣé àwọn ìyẹn náà ń gbọ́ Yorùbá ni?" Mo ní ó ṣeé ṣe, mà. Wọ́n ní, "Kí wọ́n kí mi nígbà náà. A kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà ká má kí i." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ ìyókù àyẹ̀wò náà fún mi. Wọ́n ní ó di ìgbà tí mo bá wálé ní oṣù kejìlá.

Ẹ̀yin ọmọ, iṣẹ́ àṣetiléwá yín lọ́sẹ̀ yìí: ẹ to nǹkan mẹ́fà sórí tábìlì, ìlẹ̀kẹ̀ tàbí ẹ̀wà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí màmá àgbà tàbí bàbá àgbà yín láìkọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Bí wọ́n bá fi mẹ́jọ dá yín lóhùn, ẹ wá sọ fún mi.